Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kó Tó Dé Etí Wa? Bí Ìwádìí Ìṣègùn Ṣe Ń Wọ Inú Jọ́nà

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ọ lórí rédíò: "Ìwádìí fi hàn pé…" Wọ́n á ní ìwádìí fi hàn pé iyọ̀ àjẹjù ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, tàbí pé oògùn ibà kan kò ṣiṣẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fi làákàyè gbọ́ ọ yóò fẹ́ béèrè pé: ta ló ṣe ìwádìí náà? Lẹ́yìn tó ṣe é tán, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ní kí gbogbo ayé gbà á? Ìbéèrè kejì yìí ni a fẹ́ tú palẹ̀ nínú orí yìí.

Jọ́nà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Jọ́nà jẹ́ ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn sí kí àwọn akẹgbẹ́ wọn lè kà á. Kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Henry Oldenburg, akọ̀wé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ló dá Philosophical Transactions sílẹ̀ ní 1665, ó sì ń jáde di òní. Nígbà tó yá, àwọn oníṣègùn dá tiwọn sílẹ̀: New England Journal of Medicine ní Boston ní 1812, The Lancet tí Thomas Wakley bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1823, àti JAMA ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ní 1883. Nílé níbí, African Journal of Medicine and Medical Sciences ń jáde láti Ìbàdàn.

Kí ló dé tí dókítà fi ní láti kọ̀wé? Ṣé kì í ṣe pé kó ṣáà wo aláìsàn sàn? Ohun tí ẹnì kan rí nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là, ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i, òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejìlá 1961, The Lancet tẹ lẹ́tà kúkúrú kan jáde láti ọ̀dọ̀ William McBride, dókítà agbẹ̀bí kan ní Sydney, Ọsirélíà. Ó ní òun ti ń rí ọmọ tuntun tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò pé, tí ìyá wọn sì lo oògùn kan tí wọ́n ń pè ní thalidomide nígbà oyún, ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti rí irú rẹ̀. Ní Jámánì, Widukind Lenz ti kígbe lórí oògùn kan náà ní oṣù Kọkànlá. Òkun ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n sì rí. Kò ṣeé pè ní kòńgẹ́ mọ́.

Lẹ́tà ni ó kéré jù nínú ohun tí jọ́nà ń tẹ̀. Èyí tó wúwo jù ni àpilẹ̀kọ ìwádìí. Kí ọ̀rọ̀ má bàa di àhesọ, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn University of Ibadan àti ti Indiana University ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn tó ń mú àgbàlagbà ṣarán, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, ń mú àwọn Yorùbá Ìbàdàn bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìlú Indianapolis. Orírun àwọn méjèèjì sún mọ́ra, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn yàtọ̀, ìgbé ayé wọn sì yàtọ̀. Hugh Hendrie ló léwájú ní Indianapolis. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Òun náà ló ti kọ̀wé sínú jọ́nà Brain ní 1968 lórí àìsàn tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tó sì so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù ló bá iṣẹ́ náà lọ. Ìdíkàn ni àdúgbò tí wọ́n mú ní Ìbàdàn, wọ́n sì wá àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè lọ sílé wọn.

Kí a tó kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nínú irú iṣẹ́ yìí, ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí a fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Ìgbìmọ̀ náà ní láti ka gbogbo ètò, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò náà ní láti mọ ohun tí a fẹ́ ṣe, kó gbà tàbí kó kọ̀, bó bá sì kọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dù ú ní ìtọ́jú. Jọ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba àpilẹ̀kọ tí kò bá lè fi àṣẹ ìgbìmọ̀ yìí hàn.

Àpilẹ̀kọ ìwádìí sábà máa ń ní apá mẹ́rin. Ìfáárà ń sọ ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ibi tí ìmọ̀ wa ti já. Ọ̀nà ìwádìí ń sọ ohun tí wọ́n ṣe. Àbájáde ń sọ ohun tí wọ́n rí. Ìjíròrò ń sọ ohun tí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí. Àwọn tó ń kánjú máa ń ka ìsọníṣókí tó wà lókè, wọ́n á fò dé ìparí. Lójú tèmi, ọ̀nà ìwádìí gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ó yẹ ká gba ìyókù gbọ́.

Ẹ wo ìṣòro tó wà ní Ìdíkàn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65? Wọ́n ṣa àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí gbogbo ìlú mọ̀ jọ, wọ́n ń béèrè bí àgbà náà ṣe tó nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ìṣòro kejì le ju ìyẹn lọ. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ọpọlọ arúgbó nílẹ̀ òyìnbó máa ń gba kí èèyàn kàwé, kó kọ̀wé, kó ṣe ìṣirò. Ìyá àgbà tí kò dé ilé ìwé rí lè kùnà nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Nítorí náà, wọ́n lo ìbéèrè tí wọ́n dìídì ṣètò kó lè bá ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé mu, wọ́n yí i sí Yorùbá, wọ́n sì tún bá ìbátan àgbà náà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀: ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ṣé ìgbàgbé rẹ̀ ti pọ̀ sí i? Lára àwọn tí wọ́n dán wò báyìí ni wọ́n ti yan àwọn tí dókítà yóò yẹ̀ wò fínnífínní.

Gbogbo èyí ló ní láti wà lákọsílẹ̀, débi pé ẹni tó wà ní Bàhíà tàbí ní Nàìróbì lè mú ìwé náà lọ́wọ́ kó tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Bí òun náà bá rí ohun tó jọ ọ́, ìgbàgbọ́ wa yóò pọ̀ sí i. Bí kò bá rí i, a óò wá ibi tí ọ̀nà ti yà.

Àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 1995 nínú American Journal of Psychiatry: àwọn tí wọ́n bá tó ń ṣarán ní Ìbàdàn kò tó ti Indianapolis. Ìròyìn ayọ̀ ni, àbí? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò ní kí wọ́n dúró ná. Bí àìsàn kan bá ń tètè pa àwọn tó mú, ẹni tó wá kà wọ́n lọ́jọ́ kan yóò bá ìwọ̀nba díẹ̀ láàyè, kì í ṣe pé àìsàn náà kò mú wọn. Ohun tó lè dáhùn ìbéèrè yìí ni kí a mú àwọn tí ara wọn le, ká máa padà lọ sọ́dọ̀ wọn, ká sì ka àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Wọ́n tẹ̀lé 2,459 àgbàlagbà ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, wọ́n padà lọ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún lọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní oṣù Kejì 2001, JAMA tẹ̀ ẹ́ jáde: lọ́dọọdún, nínú 1,000 àgbàlagbà, bí 13 tàbí 14 ni àìsàn aṣarán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn, ní Indianapolis, bí 32 ni.

Iye yìí ni àbájáde. Kí ló fà á? Ibẹ̀ ni ìjíròrò ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni òǹkọ̀wé olóòótọ́ ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè jẹ́ ohun tí a jogún, ó lè jẹ́ àpapọ̀ wọn. Iye náà fi hàn pé ìyàtọ̀ wà. Kò sọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá kà á tán, tó sì lọ kéde pé àmàlà ń dènà ìgbàgbé, ti fi ọ̀rọ̀ sí ìwé náà lẹ́nu. Bí ọ̀pọ̀ ìròyìn ìlera ṣe ń di irọ́ nìyẹn: àbájáde lè jẹ́ òótọ́ kí ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ sì ti fo ìjíròrò.

Orúkọ ta ló yẹ kó wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ní 1978, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan pàdé ní Vancouver, Kánádà. Láti inú ìpàdé yẹn ni ìgbìmọ̀ kan ti jáde tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn ń tẹ̀lé òfin rẹ̀ di òní. Òfin náà ni pé ẹni tí a óò pè ní òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kópa gidi nínú èrò iṣẹ́ náà tàbí nínú ìkójọ rẹ̀, kó kópa nínú kíkọ rẹ̀ tàbí títún un ṣe, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, kó sì gbà pé òun yóò dáhùn bí ìbéèrè bá dìde lórí rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Láàárín wa, ọ̀wọ̀ àgbà a máa mú kí ọ̀dọ́mọdé dókítà fi orúkọ ọ̀gá ẹ̀ka sórí iṣẹ́ tí ọ̀gá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi lòdì sí i pátápátá. A lè kí ọ̀gá, ká dọ̀bálẹ̀ fún un, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí ìwé, ṣùgbọ́n bí oògùn inú ìwé náà bá pa èèyàn lọ́la, ta ni yóò jáde wá dáhùn?

Wọ́n kọ àpilẹ̀kọ náà tán, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà. Olóòtú jọ́nà ni yóò kọ́kọ́ kà á. Ọ̀pọ̀ ni kì í kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀, yálà nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bá jọ́nà náà mu tàbí nítorí pé ọ̀nà ìwádìí rẹ̀ mẹ́hẹ. Èyí tó bá kọjá yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí orí yìí ń béèrè.

Ìṣe wọn jọ ti ìdílé tí ọmọ wọn ní òun ti rí ìyàwó. Láyé àtijọ́, àwọn òbí kì í torí ẹnu ọmọ nìkan gbà á. Wọn yóò rán ẹni tó mọ àdúgbò ọmọbìnrin náà, yóò lọ bí ẹni tó kàn ń kọjá, yóò wádìí bóyá àrùn burúkú wà nínú ìdílé, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, irú ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tí à ń wádìí kì í mọ ẹni tó wá. Olóòtú náà ń wá akẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn tó kọ ọ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀tá wọn. Àyẹ̀wò akẹgbẹ́ ni ká pè é. Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, òǹkọ̀wé kò ní mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àwọn mìíràn, olùyẹ̀wò náà kò ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Jọ́nà BMJ ya ọ̀nà tirẹ̀ ní 1999, ó ní kí àwọn olùyẹ̀wò máa fi orúkọ ara wọn sí i. Owó kì í sábàá wọlé fún wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń jókòó kà á.

Kí ni wọ́n ń wò? Ṣé àwọn tí wọ́n kà pọ̀ tó kí a má sọ pé kòńgẹ́ ni? Ṣé àwọn méjì tí wọ́n fi wéra bára mu, àbí àgbàlagbà ni wọ́n fi wé ọ̀dọ́? Ṣé ohun mìíràn wà tó lè fa ìyàtọ̀ náà tí wọn kò wò? Àwọn tó jáde nínú ìwádìí láàárín ọ̀nà ńkọ́, kí ló ṣe wọ́n? Ṣé ìjíròrò kò lọ jìnnà ju ibi tí àbájáde gbé e dé? Wọn yóò kọ èsì, olóòtú yóò fi í ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, òǹkọ̀wé yóò sì dáhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èyí ni mo tún ṣe, èyí ni n kò gbà, ìdí rẹ̀ nìyí. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a rí tó dára ló dára nítorí pé ẹnì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ti fi ìbéèrè dààmú ẹni tó kọ ọ́.

Àwọn olùyẹ̀wò lè ṣi òtítọ́ mú. Ní 1983, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn inú ní Ọsirélíà kò gba ọ̀rọ̀ Barry Marshall wọlé sí ìpàdé wọn, òun tó ń sọ pẹ̀lú Robin Warren pé kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ikùn tó lè fa ọgbẹ́ inú. The Lancet tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1984. Ní 2005, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Wọ́n lè ṣi irọ́ mú pẹ̀lú, èyí ló sì léwu jù. Olùyẹ̀wò kì í wọ wọ́ọ̀dù, kì í rí káàdì aláìsàn. Ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń kà. Ní oṣù Kejì 1998, The Lancet tẹ àpilẹ̀kọ Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọmọ 12 péré. Ó mú kí àwọn èèyàn gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí èéyi àti àwọn àrùn méjì mìíràn lè fa autism, ìyẹn ipò tí kì í jẹ́ kí ọmọ bá èèyàn sọ̀rọ̀ tàbí ṣeré bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Òbí púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba abẹ́rẹ́ náà fún ọmọ wọn mọ́, èéyi sì padà. Akọ̀ròyìn kan, Brian Deer, ló tú u fó láti 2004: Wakefield ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò tó fẹ́ pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́, kò sì sọ fún jọ́nà. Lọ́dún yẹn, mẹ́wàá nínú àwọn tó bá a kọ ọ́ yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. Ní oṣù Kejì 2010, The Lancet fagi lé àpilẹ̀kọ náà, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún kan náà. Ọdún méjìlá ni irọ́ náà fi wà lórí ìwé. McBride náà, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ṣe aráyé lóore, wọ́n yọ òun náà kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní 1993 nítorí pé ó parọ́ nínú ìwádìí lórí oògùn mìíràn. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ kankan gbọ́ nítorí orúkọ ẹni tó ṣe é, bí orúkọ náà ti wù kó níyì tó.

Irú iṣẹ́ kan tún wà tí olùyẹ̀wò kò lè rí rárá: èyí tí wọn kò fi ránṣẹ́. Ká ní ilé iṣẹ́ kan dán oògùn wò lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, tí wọ́n wá tẹ méjèèjì jáde, tí wọ́n sì ti mẹ́ta yòókù mọ́ inú àpótí. Kò sí irọ́ nínú èyí tí a kà, síbẹ̀ wọ́n ti tàn wá jẹ. Láti oṣù Keje 2005 ni àwọn jọ́nà tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ti ìpàdé Vancouver jáde ti sọ pé àwọn kò ní tẹ ìdánwò oògùn tí wọn kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní ọ̀nà àtijọ́, ẹni tó fẹ́ ka àpilẹ̀kọ ló ń sanwó, owó náà sì pọ̀ débi pé dókítà ní Ìbàdàn lè má rí ìwé tí wọ́n kọ nípa Ìbàdàn kà. Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ HINARI kí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀nà tuntun ni kí òǹkọ̀wé sanwó, kí gbogbo ayé sì kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn fún jọ́nà gbájúẹ̀. Wọn yóò fi í-méèlì ránṣẹ́ sí olùkọ́ yunifásítì, wọn yóò yìn ín dé òkè, wọn yóò ṣèlérí pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìwé rẹ̀ yóò jáde, wọn yóò sì gba dọ́là. Kò sí ẹni tó kà á, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan. Níwọ̀n ìgbà tí ìgbéga bá ti jẹ́ ti ẹni tí ìwé rẹ̀ pọ̀, èèyàn rere náà lè ṣubú sínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa máa ka ohun tó wà nínú ìwé kí wọ́n tó ka iye ìwé, nítorí ẹni tó ń san owó jìbìtì yìí gan-an ni aláìsàn tí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tọ́jú.

Bí àpilẹ̀kọ bá tilẹ̀ jáde nínú jọ́nà tó dára, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn díẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní ó tó kí àwọn yòókù náà yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn mìíràn yóò ti máa kọ lẹ́tà sí olóòtú, tí wọn yóò sì máa tún un ṣe níbòmíràn. Ẹ̀yin náà lè wà nínú wọn. Láti 1997 ni PubMed, ìwé atọ́ka ti ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìsọníṣókí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpilẹ̀kọ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ oògùn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lò síbẹ̀, kí ẹ ka ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ mú un lọ bá dókítà yín. Ẹ bi í pé èèyàn mélòó ni wọ́n dán an wò lára wọn, ta ló san owó rẹ̀, ta ló ti tún un ṣe. Kí ẹ tó gbọ́ èsì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá oògùn yín dúró nítorí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo.